Ààwẹ̀ Mummy Hánà ní Shooters Hill

N kò tíì dàgbà tó ẹni tí í jókòó sọ ìtàn àtijọ́. Ọmọ mi àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni, àbúrò rẹ̀ kò sì tíì fi ẹ̀yìn mi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìtàn yìí ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kánádà, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ, èmi ló wá já lé léjìká. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dàgbà ní Thamesmead yìí, tí ẹ rò pé bí Woolwich ti rí lónìí ló rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ẹ yọ nǹkan tó wà létí yín yẹn, kí ẹ gbọ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ bá há mi lọ́fun níbì kan, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì tán lára mi.

Mummy Hánà ni mo ń pè wọ́n. Júù ni wọ́n, Woolwich ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí ọ́fíìsì wa rán mi lọ sí ilé wọn ní Shooters Hill. Iṣẹ́ kéà ni mò ń ṣe, iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà. Iṣẹ́ yẹn ló gbé mi dé ìlú yìí, òun náà ni físà mi so rọ̀ mọ́. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago méje ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, orúnkún wọn kò sì ṣe é gbọ́kàn lé mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn, hàà, ẹnu wọn mú ju abẹ lọ.

"Kí lorúkọ rẹ?" Ìyẹn ni ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀.

"Ṣeun, mà."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

Mo ní ọpẹ́ ni, pé Olúwa ṣeun ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ó dára. Ìyẹn ni pé nígbàkígbà tí mo bá ti pè ọ́, mo ti dúpẹ́ nìyẹn. Má retí òmíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọn kò tilẹ̀ pe Ṣeun náà mọ́. "Lọ́ọ̀fù" ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn olùfẹ́, bí àwọn ará Woolwich àtijọ́ ti í pe gbogbo ayé, ìbáà ṣe awakọ̀, ìbáà ṣe dókítà.

Láti ojú fèrèsé wọn, èèyàn a máa rí odò lọ́hùn-ún nísàlẹ̀, àti àwọn ilé gíga tó tò sí etí rẹ̀. Mummy a na ọ̀pá wọn sí i. "Gbogbo ibi tí o rí ilé gíga yẹn, lọ́ọ̀fù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ìbọn." Wọ́n ní fèrè ńlá kan a máa dún, àwọn òṣìṣẹ́ a sì wọ́ jáde lẹ́nu géètì tó kọjú sí Beresford Square bí ìjàlọ, agogo kẹ̀kẹ́ wọn a máa ró ṣanṣan. Ẹṣin a máa fi pátákò lu òkúta títì. Àwọn tó ń ta ẹja a máa figbe ta sí ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ Beresford Square tòde òní: ike fóònù, aṣọ òtútù ọmọdé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú abọ́, bọ́ọ̀sì tó ń mí hẹlẹ. Lọ́jọ́ kan mo ti Mummy lórí kẹ̀kẹ́ wọn dé ibẹ̀, mo ní, "Báwo lẹ ṣe rí i sí báyìí, mà?" Wọ́n tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀. "Ariwo náà ni. Èdè ló yí padà."

Télọ̀ ni bàbá wọn. Aṣọ àwọn ṣọ́jà ni bàbá ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ilé ìdáná mi lọ. Láàárín ọdún, ṣọ́ọ̀bù kì í tì lọ́jọ́ iṣẹ́, àfi ní àwọn ọjọ́ ọdún wọn. Lọ́dún kan, wọ́n lọ gbàdúrà ọjọ́ ètùtù, nígbà tí wọ́n máa dé, àfọ́kù gíláàsì ni wọ́n bá nílẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ló gba ojú fèrèsé wọlé wá mú ṣòkòtò rẹ̀. Ìkánjú kò jẹ́ kó rántí ẹ̀wù. Ọjọ́ kejì ló padà wá, ó dorí kodò bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò, ó ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀wù mi ńkọ́? Mummy a máa rẹ́rìn-ín ìtàn yìí títí wọn a fi máa wúkọ́.

Yàrá òkè kan ni wọ́n ti ń gbàdúrà nígbà yẹn, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ètùtù, èèwọ̀ ni bàtà awọ fún wọn. "Gbogbo bàtà Woolwich wà lábẹ́ wa, kò sì sí ọ̀kan ní ẹsẹ̀ wa." Mo sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tiwa wà ní Nathan Way, láàárín ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ibi tí wọ́n ti ń ta táìlì, pé bí àwa ń kọrin, àwọn ń lu irin. Mummy mi orí. "Ọlọ́run kò rí ilé gidi gbé ní Woolwich rí."

Kò sí yàrá òkè náà mọ́. Àwọn ọmọ kó lọ sí ìhà àríwá London, àwọn àgbà kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó ìwé mímọ́ wọn lọ. Mummy nìkan ló kù lórí òkè yẹn tó mọ ohùn orin wọn.

Ọjọ́ ètùtù. Bí Bíbélì wa ti pè é nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Mummy, wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní ó jẹ mọ́ ohun tí a fi ń tu ẹni tó ń bínú nínú, bí ìgbà tí èèyàn bu omi wọ́n ilẹ̀ gbígbóná.

"Rárá o. Kò sí ohun tó tutù níbẹ̀. Ẹ̀rù ni."

Wọ́n wá là á yé mi. Lọ́jọ́ ọdún tuntun wọn, tí wọ́n ń fun ìwo àgbò, tí wọ́n ń fi ápù ki oyin, Ọlọ́run a ṣí ìwé kan. Orúkọ ẹni tí yóò yè àti ẹni tí yóò kú lọ́dún náà ló ń kọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé náà fi máa ń wà ní ṣíṣí. Lọ́jọ́ kẹwàá, nígbà tí oòrùn bá wọ̀, a lu èdìdì mọ́ ọn, ó parí. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, bí èèyàn bá ronú pìwà dà, tó gbàdúrà, tó ṣàánú ẹni tí kò ní, ìdájọ́ líle lè rọ̀. Àwọn bàbá wọn sọ ọjọ́ mẹ́wàá náà ní Ọjọ́ Ẹ̀rù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi tí mò ń gbọ́ ọ, ìwé tèmi náà wà ní ṣíṣí níbì kan. Oṣù díẹ̀ ló kù kí físà mi tán lọ́dún yẹn. Auntie Bísí, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, ọmọ Ìbàdàn, ni yóò kọ lẹ́tà pé àwọn ṣì fẹ́ mi níṣẹ́. Bí kò bá kọ ọ́, èmi àti ọmọ, ilé yá nìyẹn.

Ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀, Mummy pè mí.

"Láti ìrọ̀lẹ́ òní, n kò ní fi nǹkan kan kan ẹnu títí oòrùn ọ̀la yóò fi wọ̀."

"Omi ńkọ́, mà?"

"Omi náà."

"Ṣé ẹ ti sọ fún dókítà?"

"Dókítà kì í ṣe Júù."

"Ọmọ yín ní Kánádà ńkọ́?"

"Òun náà kì í ṣe Júù mọ́."

Ó yẹ kí n pe ọ́fíìsì lójú ẹsẹ̀. N kò pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kì í ṣe pé mo fẹ́ dá ara mi láre.

Ìyá mi àgbà ní Ìmọ̀tà ló tọ́ mi. Aládùúrà paraku ni wọ́n. Ẹ̀yin kò mọ irú ààwẹ̀ tí à ń wí yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀ títí di aago méjìlá tí ẹ ń mu júùsì sí i. Ààwẹ̀ gbígbẹ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Agogo ìdájí a dún, gbogbo ilé a dìde lórí ẹní, ẹsẹ̀ lásán, sùtánà funfun, èéfín tùràrí a gba ọgbà kan. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, mo rí ìyá arúgbó kan tó jókòó sídìí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ètè rẹ̀ ti bó. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi gààrí sínú omi tútù, mo gbé e fún un. Ó mu ún. Yé, ẹ wo ìgbálẹ̀! Ìyá mi àgbà lé mi yí ọgbà ká. "Ìwọ tó ba ààwẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́! Ìwọ ni yóò ru ohun tó tìtorí rẹ̀ gba ààwẹ̀!" Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń retí ohun tí n máa rù. Bí mo bá húkọ́, mo rò pé òun ló dé.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, a sá. Ọmọ ọdún méje náà ṣì wà nínú mi nígbà tí Mummy ní àwọn kò ní jẹun.

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wọ bùláòsì funfun, wọ́n ní kí n fi bàtà aṣọ sí àwọn lẹ́sẹ̀. Àbẹ́là kan ń jó lórí tábìlì fún àwọn òkú wọn. Ara mi rọ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ẹni tó dé ilé. Aago mẹ́jọ lù. Aago mẹ́jọ ni oògùn àtọ̀gbẹ wọn, tábúlẹ́ẹ̀tì funfun kékeré kan, pẹ̀lú oúnjẹ.

"Oògùn ńkọ́, mà? Ṣé yóò ba ààwẹ̀ jẹ́?"

"Kò ládùn, kò lè bà á jẹ́." Wọ́n gbé e mì láìfi omi sí i.

Èmi náà sọ lọ́kàn mi pé, oògùn kì í ṣáà ṣe oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ́ wa! Wọ́n kọ́ wa pé oògùn yẹn a máa lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, pé oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ikùn kí èèyàn tó lò ó. Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbálẹ̀ ìyá mi àgbà ló dún ju ẹ̀kọ́ náà lọ létí mi.

Lórí fóònù iṣẹ́ ni a máa ń kọ gbogbo ohun tí àgbàlagbà bá jẹ àti ohun tó bá mu. Ọ́fíìsì ń wò ó. Bí o kò bá kọ oúnjẹ àárọ̀, wọn a pè ọ́. Mo dúró ní ilé ìdáná, mo wo abọ́ òfìfo. Mo wá tẹ̀ ẹ́: "Wọ́n jẹ ọ́ọ̀tì abọ́ kan. Wọ́n mu tíì ife kan." Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run ń ka ìwé, irọ́ ni mo kọ sínú tèmi.

Gbogbo òwúrọ̀ yẹn ni Mummy fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní aṣọ funfun ni bàbá wọn máa ń wọ̀ lọ síbi àdúrà, aṣọ gbọọrọ tí kò ní àpò. Wọ́n bi bàbá léèrè ìdí tí kò fi ní àpò. Bàbá ní, "Nítorí pé òun ni ẹ máa fi sin mí, kò sí ohun tí n máa kó dání." Ọmọ ọdún méje ni wọ́n nígbà náà, ogun ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù ń bọ́ sí etí odò. Wọ́n dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ápù tí wọ́n gún kànáfùrù sí yípo ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí àwọn tí ebi fẹ́ mú dákú lè máa gbóòórùn rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n dé ibi àdúrà tó ń ka oríṣiríṣi ikú: ta ni omi yóò gbé, ta ni iná yóò jó, ta ni yóò pé ọjọ́ rẹ̀, ta ni kò ní pé e. Àwọn ọkùnrin ń sunkún. Ọmọdé náà wo yàrá yíká, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orí àwọn èèyàn, kó lè mọ ẹni tí kò ní sí lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ìyá mi gbá mi lọ́wọ́," ni Mummy wí. "Àwa kì í ka èèyàn."

"Àwa náà kì í kà á, mà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"O rí i? Gbogbo ayé ló mọ̀. Èmi nìkan ni n kò mọ̀." Wọ́n wo àbẹ́là tó ń jó. "Nígbà òtútù ọdún yẹn ni ìyá mi kú. Ẹ̀dọ̀fóró ni. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, n kò sì fo ọdún kan rí. Mo ti kà á tán, lọ́ọ̀fù. Èmi ni mo kà á."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ọmọdé kì í fi ìka pa ìyá rẹ̀. Ta ni èmi tí n máa sọ ọ́, èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta retí ẹ̀bi gààrí?

Lọ́wọ́ ọ̀sán, nǹkan bí aago mẹ́ta, mo wà ní báàfù tí mò ń fọ aṣọ nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀pá wọn ṣubú. Mo sáré jáde. Òógùn bò wọ́n, bùláòsì funfun náà lẹ̀ mọ́ wọn lára, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí ewé. Ojú wọn wà lára mi, àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n ń rí.

"Máàmá," ni wọ́n wí. "Máàmá, n kò kà wọ́n mọ́."

Yé, Jésù! Mo pe áńbúláǹsì. Obìnrin tó gbé fóònù ń bi mí ní ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: ọdún mélòó ni wọ́n, ṣé wọ́n ń mí, oògùn wo ni wọ́n ń lò. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ṣé wọ́n ti jẹun lónìí?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, àkókò yẹn kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n mo gùn ún bí òkè. Fóònù iṣẹ́ wà lórí tábìlì, ọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ní wọ́n jẹun, ọ̀rọ̀ mi àti àkọsílẹ̀ mi ṣe ọ̀kan, kò sí ẹni tí yóò mú mi. Mo rí ojú ọmọ mi. Mo rí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo rí ètè Mummy tó ti ń funfun.

"Wọn kò jẹun," ni mo wí. "Wọn kò jẹ nǹkan kan láti àná. Wọ́n lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀. Èmi ni mo fún wọn."

"Ṣé wọ́n lè gbé nǹkan mì? Ó dára. Wá nǹkan tó ládùn, kíákíá."

Oyin ọdún tuntun wọn ṣì wà lórí sẹ́ẹ̀lì. Mo fi ìka bù ú, mo fi pa wọ́n lérìgì, mo tún bù ú. Mò ń sunkún, mò ń pe orúkọ wọn, mò ń ké Sáàmù tí ẹnu mi bá ti kó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Mummy gé mi níka jẹ. Inú ìrora yẹn ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì dé, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn títí ṣúgà fi gòkè. Wọ́n fẹ́ gbé wọn lọ sí ọsibítù, Mummy ní bí wọn yóò bá gbé àwọn, kí wọ́n gbé àga náà pẹ̀lú, nítorí àwọn kò ní dìde níbẹ̀. Nígbà tí Mummy jẹ búrẹ́dì tí wọ́n mu tíì lójú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ náà ní nọ́ọ̀sì yóò wá wò wọ́n lálẹ́, wọ́n sì lọ. Èmi àti Mummy ń wo ara wa. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

"Mo mọ̀ pé kò yẹ," ni Mummy wí.

"Kí ni kò yẹ, mà?"

"Ààwẹ̀ yìí." Wọn kò wò mí lójú. "Ìyàwó oníbàtà kan wà láyé ọjọ́sí tí ọkàn ń yọ lẹ́nu. Ó dákú lẹ́yìn aṣọ ìkélé lọ́jọ́ ètùtù. Rábì wa fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó gbé ife tíì kọjá láàárín gbogbo ìjọ, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó ní, 'Mu ún. Bí o kò bá mu ún, èmi yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, kí ojú má bàa tì ọ́.' Òfin wa ni, lọ́ọ̀fù. Ẹ̀mí ṣáájú ààwẹ̀. Aláìsàn tó jẹun lónìí, jíjẹ yẹn gan-an ni ààwẹ̀ rẹ̀."

"Mummy! Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láàárọ̀?"

"O kò bi mí! Mo ń retí ẹni tó máa bá mi jiyàn, Aládùúrà ni wọ́n rán sí mi."

A rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni pé ẹkún ló fi ẹ̀rín bojú. Wọ́n di ọwọ́ mi tí wọ́n gé jẹ mú. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn bá ṣẹ Ọlọ́run, ọjọ́ yìí lè wẹ̀ ẹ́ nù, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀, ọjọ́ náà kò ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi lọ bẹ ẹni náà. "Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀rù ara mi ni mo gbé lé ọ lórí." Mo kúnlẹ̀, èmi náà bẹ̀ wọ́n, mo ní mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, mo sì fún wọn ní oògùn náà. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ sí ìhà Charlton. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dìde lọ sójú fèrèsé. Àdúrà ìkẹyìn ni, òòró ni wọ́n máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dópin, bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó, nítorí ilẹ̀kùn ọ̀run ń tì lọ lójú wọn, wọ́n sì ń bẹ̀ pé kí ó ṣì wà ní ṣíṣí fún ẹni tó kù lẹ́yìn. Mo fi apá mi méjèèjì gbá wọn mú lẹ́yìn. Mummy bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin náà láìsí ohùn, ètè nìkan ló ń mì, bíi ti Hánà inú Bíbélì tí àlùfáà rò pé ó mutí. Mo ń gbọ́ bí egungun wọn ti ń gbọ̀n sí àyà mi. Mo ń wo oòrùn. Mo ń rò ó pé, èmi ńkọ́? Ta ni mo ṣẹ̀ tí n kò tíì bẹ̀?

Mo gbé wọn jókòó. Mo mú fóònù.

"Auntie Bísí, ẹ káàlẹ́ o. Ọ́ọ̀tì tí mo kọ láàárọ̀…"

"Kí ló ṣe ọ́ọ̀tì?"

"Wọn ò jẹ ẹ́, mà. Irọ́ ni mo kọ." Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán, oògùn, ààwẹ̀, áńbúláǹsì.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣeun, ta ló bi ọ́? Mo ní ta ló bi ọ́ léèrè? Wọ́n ti lọ, ìyá ti jí, kí lo wá ń sọ fún mi sí? Ṣé o mọ̀ pé èmi ni n máa kọ lẹ́tà ẹ?"

"Mo mọ̀, mà."

"O wá sọ ọ́ létí mi báyìí. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Má lọ síbẹ̀ mọ́ lọ́la. Jókòó sílé. Wọ́n á pè ọ́."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún mi nígbẹ̀yìn, wọ́n tún mi kọ́, wọ́n sì kọ lẹ́tà náà. Ẹ̀yin náà rí i pé mo ṣì wà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n tẹ ilé yẹn mọ́. Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ikú Mummy, lẹ́nu ẹni tó gba ipò mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mò ń wí yìí, n kò tíì mọ ìkankan nínú rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, "Mummy, n kò ní wá lọ́la."

Wọn kò bi mí ní ìdí. Wọ́n ti gbọ́ ohùn mi, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ èdè.

"Ta ló máa wá?"

"Ẹlòmíràn, mà. N kò tíì mọ̀ ọ́n."

"Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́, ní ọjọ́ yìí?"

"Ẹlòmíràn náà ni, mà."

Òkùnkùn ti sọ̀ sórí odò, iná ti ń tàn ní Thamesmead. Mummy fi ọwọ́ nu ìyókù búrẹ́dì kúrò lórí bùláòsì funfun wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, lọ́ọ̀fù, kí ó má bàa tẹ̀lé mi bíi tìrẹ. Kọ ọ́ pé lọ́jọ́ ètùtù, Hánà máa ń jẹun."

Mo kọ ọ́.